Ilẹ̀kùn Tó Rì Sínú Elésè Àlùkò

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀dà kíkùn rọrùn. Àwọn tó ń ṣe é nínú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí aṣọ wọn sì mọ́ tónítóní, irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Èmi Raelene, tí mo ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, mo fi ọwọ́ ara mi kun ilé ìyá mi ní Launceston nígbà òtútù, èjìká mi ọ̀tún kò sì tíì dárí jì mí títí di òní.

Ojú Mọ́mì ló fa gbogbo rẹ̀. Àrùn kan ti jẹ àárín ojú náà tán, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló kù. Bí ó bá kọjú sí ọ gan-an, kò ní rí imú rẹ, etí rẹ àti irun rẹ ló máa rí. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé, "Ojú mi ti dà bíi búrẹ́dì tí eku jẹ, èèpo ló ṣẹ́ kù." Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ṣáká o. Ó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó ń gbọ́ lórí rédíò. Ó sì mọ ọdún tí ọkọ aládùúgbò wa sá lọ, àti obìnrin tó bá a sá lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé funfun ni gbogbo ilé náà. Bàbá mi, kí ó tó kú, gbà pé ilé tí kò bá funfun kò ṣeé tà, bẹ́ẹ̀ kò ní in lọ́kàn rí láti ta ilé kankan. Ògiri funfun, ilẹ̀kùn funfun, súìṣì iná funfun, irin tí èèyàn ń dì mú nílé ìwẹ̀, òun náà funfun. Lójú Mọ́mì, gbogbo rẹ̀ ti di kùrukùru kan ṣoṣo. Ó ní láti fi ọwọ́ pa ògiri káàkiri kí ó tó rí ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀. Ó ṣubú ní kọ́rídọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a fi bò. Ó tún ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ kán, ilé ìwòsàn sì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbàlagbà.

Glenys ni wọ́n rán wá, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń wọ bàtà òjò yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Kò níkà nínú rárá. Ó jókòó, ó mu tíì, ó wo bí Mọ́mì ṣe ń táràrà wá ilé ìyàgbẹ́, ó wá la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

"Merle, mi ò ní tàn yín. Bí ẹ bá tún ṣubú báyìí, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni màá ní kí wọ́n gbé yín lọ. Ẹ ò lè máa dá gbé."

"Ta ló ń dá gbé?" Mọ́mì dá a lóhùn. "Ṣé Rae kì í ṣe èèyàn ni?"

Èmi ni Rae yẹn. Bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, nílé ìyan-búrẹ́dì tí mo ti ń po ìyẹ̀fun, ọ̀dọ̀ Mọ́mì ni mo ń gbà lọ. Màá sè, màá fọ̀, màá wẹ̀ ẹ́, màá sùn lórí àga gígùn rẹ̀ tí irin inú rẹ̀ ń gún èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n tó tún dìde padà síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ mi ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́. Ológbò mi pàápàá ti kó lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, mi ò sì bá a wí. Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: ó rẹ̀ mí dé ibi tí oorun ò lè wò ó mọ́.

Glenys ló mú ọ̀rọ̀ ọ̀dà wá. Ó ní, "Ẹ kun ògiri ní àwọ̀ tó ṣú dáadáa, kí ẹ fi ilẹ̀kùn, súìṣì àti irin ìdìmú sílẹ̀ ní funfun. Ohun tó funfun á yọ lára èyí tó ṣú, ìwọ̀nba ojú tó kù á máa rí i. Màá padà wá kí òtútù tó parí, màá sì wo bí Merle ṣe ń rìn. Ọjọ́ yẹn la máa mọ̀ bóyá wọ́n á dúró sílé tàbí wọ́n á lọ."

Bí mo ṣe mú Mọ́mì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà nìyẹn. Ọkùnrin tó ń tà á ní àwọ̀ eérú tó ṣú ni gbogbo ayé ń rà. Mọ́mì fa ojú ro.

"Eérú kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n kú ná."

Ó gba àwọn káàdì àwọ̀ náà, ó ń gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ojú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n bí adìẹ ṣe ń fẹ̀gbẹ́ wo ọkà. Ó pẹ́ títí. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn wa. Ó wá di ọ̀kan mú.

"Èyí ni. Ó jọ èso pulọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé wa, èyí tó pọ́n kọjá àlà, tó jẹ́ pé bí omi rẹ̀ bá ta sí ẹ láṣọ, o ti gbé aṣọ yẹn jù nù."

Elésè àlùkò tó ṣú ni, pupa kan sì sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo wò ó, mo mi orí.

"Mọ́mì, yàrá yín á dà bí ilé aṣẹ́wó."

"O ti débẹ̀ rí ni?"

Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Mo sanwó, mo gbé agolo, mo sá jáde.

Àwọ̀ tó ṣú ò mọ ojúure. O ò lè kùn ún lé funfun lásán. Ọ̀dà eérú lo máa kọ́kọ́ fi tẹ́ ẹ. Bí o bá wá kun elésè àlùkò náà lé e lẹ́ẹ̀kíní, ògiri á dà bí ojú ẹni tí wọ́n lù. Kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì ń jọ ẹni tí wọ́n lù, àmọ́ tó ti ń sàn. O ò sì gbọ́dọ̀ dúró láàárín ògiri kí o lọ gbé tíì kaná, torí ibi tí ọ̀dà ti gbẹ àti ibi tó tutù ò ní bára wọn rẹ́ mọ́ láéláé. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni mò ń ṣe é, yàrá Mọ́mì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kọ́rídọ̀. Mọ́mì á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, á yí rédíò sókè, á máa bú refirí, á sì dá ẹnu dúró láti bi mí pé, "Rae, ṣé o ṣì wà lókè àkàbà yẹn?" Màá ní mo wà ńbẹ̀. Nígbà mìíràn ẹkún ni mò ń sun lókè ibẹ̀, àmọ́ kò rí i.

Ọjọ́ tí mo parí, mo ṣí gbogbo téèpù kúrò lára férémù. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn ilẹ̀kùn funfun yẹn dúró gedegbe lára ògiri. Mọ́mì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rìn gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ya sílé ìwẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kan ògiri.

"Rae! Mo rí i o! Mo rí ilẹ̀kùn!"

Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ó ń tan iná, ó ń pa iná bí ọmọdé. Mo jókòó lórí agolo òfìfo, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Tanya, àbúrò mi tó ń gbé ní Melbourne. Ṣọ́ọ̀bù àga olówó ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ bí ilé ṣe ń lẹ́wà ju ẹni tó kọ́ ọ lọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìmọ̀ràn ló máa ń rọ̀ lé mi lórí. Wọ́n ní àjùmọ̀bí ò kan tàánú, àmọ́ mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, Tanya ní àánú tirẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ tí Glenys máa padà wá kù díẹ̀, ó wọkọ̀ òfurufú wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Rae, ojú ẹ ti wọnú. Kó ẹrù ẹ kí o lọ sí etíkun, kí o lọ sùn. Màá wà lọ́dọ̀ Mọ́mì títí di àárọ̀ Mọ́ńdè."

"Glenys ń bọ̀ lọ́sàn-án Mọ́ńdè."

"O ti máa dé nígbà yẹn. Lọ jàre." Ó wo kọ́rídọ̀ yíká. "Àwọ̀ yìí mà dáa o. Ìwọ lo dá ṣe gbogbo èyí?"

"Ó ń ran Mọ́mì lọ́wọ́ gan-an ni. Ó ń fi rìn."

Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi, oorun ti ń fà mí lẹ́wù.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé pákó kékeré ní Bicheno, létí òkun. Mo débẹ̀, mo sùn. Mo jí, mo jẹ páì ìṣáwùrú, mo tún sùn. Lọ́jọ́ Sátidé mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo jókòó tí mò ń wo omi, èrò kan wá bá mi, ó ní: Bí Mọ́mì bá lọ sílé àwọn àgbà, báyìí ni wàá ṣe máa sùn. Ó yẹ kí n lé e. Mi ò lé e, mo fún un lága. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, mo ti pinnu. Mọ́mì ìbáà rìn bí ológun lójú Glenys, èmi máa sọ fún un pé ó ti tó gẹ́ẹ́, apá mi ò ká a mọ́.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo ń wakọ̀ bọ̀, Tanya fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti pápákọ̀ òfurufú: "Mo ti fún Mọ́mì ní tíì lórí bẹ́ẹ̀dì. Nǹkan kan ń dúró dè ẹ́ nílé. Má sunkún o!"

Mo ṣí ilẹ̀kùn àbáwọlé, mo rò pé mo ṣìlé. Gbogbo kọ́rídọ̀ ti di elésè àlùkò. Kì í ṣe ògiri nìkan. Ilẹ̀kùn, férémù, àjà òkè, títí kan ìdérí súìṣì, àwọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀, ó ń dán. Bí mo ṣe ní ojú méjì tó pé, mo ní láti dúró kí n tó mọ ibi tí ilẹ̀kùn yàrá Mọ́mì wà. Ó wà ní títì.

"Mọ́mì?"

Mo ṣí i. Inú yàrá náà rí bákan náà. Mọ́mì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wọ kóòtù rẹ̀, ó ti wọ bàtà, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ti ya irun rẹ̀. Tíì tí Tanya gbé kalẹ̀ ti di yìnyín. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó sì fi ohùn tó máa ń fi bá àlejò sọ̀rọ̀ kí mi, ohùn pẹ̀lẹ́ kan báyìí.

"Ẹ káàárọ̀, nọ́ọ̀sì. Ẹ má bínú o, mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Mo wá ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ títí, mi ò rí i. Mo ti ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́ díẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Èmi ni, Mọ́mì. Rae ni."

"Rae?" Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan irun mi. "Wọ́n jẹ́ kí o wọlé? Mo rò pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó gbàlejò."

"Ibo lẹ rò pé ẹ wà?"

"Ilé àwọn àgbà ná. Ibo tún ni?"

Ó wá ń ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ojú tì mí. Láti Sátidé ni Tanya ti gbé òun sí ìdí iná ní pálọ̀, torí Tanya ní òun fẹ́ kun àwọn ibi tí Rae fò sílẹ̀. Pálọ̀ náà lòun sùn. Lálẹ́ àná, nígbà tí oorun ti ń gbé òun lọ, Tanya di òun lọ́wọ́ mú, ó mú òun lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, òun ò sì mọ ọ̀nà tí àwọn gbà. Láàárọ̀, ó fi ẹnu kan òun ní iwájú orí, ó ní, "Ibí yìí á tù yín lára, Mọ́mì, ẹ máa rí i," ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí òun wá dìde, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí súìṣì. Òun fọwọ́ pa ògiri yíká yàrá, òun ò rí ọ̀nà.

"Ṣé ẹ ò mọ bẹ́ẹ̀dì yín ni, Mọ́mì?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní wọ́n gbé e bá mi wá ni. Mo ní iṣẹ́ Rae nìyẹn, Rae nìkan ló máa rántí pé mi ò lè sùn lórí òmíràn." Ó tún báàgì rẹ̀ dì mú. "Mi ò bínú. Àmọ́ ẹ̀ bá ti sọ fún mi, Rae. Ǹ bá fẹsẹ̀ ara mi rìn wá."

Mo ní, "Ilé yín lẹ wà, Mọ́mì. Ilé yín ni. Tanya ló kun ilẹ̀kùn." Ó pẹ́ kó tó gbà mí gbọ́. Àfìgbà tí mo mú un dé ilé ìdáná, tó fọwọ́ kan ibi tí tábìlì ti là. Ó wá jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo wẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, mo sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ pe Tanya.

Kí n tó la ẹnu ló ti ń sọ̀rọ̀. "Ṣé o ti rí i? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn, Rae, ògiri, ilẹ̀kùn, àjà, àwọ̀ kan náà!"

"Àṣejù, baba àṣetẹ́! Tanya, funfun ilẹ̀kùn yẹn ni Mọ́mì fi ń rí ọ̀nà! O ti ìyá ẹ mọ́lé! Ó jókòó sínú ìtọ̀, ó ń pè mí ní nọ́ọ̀sì!"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ọkọ̀ òfurufú kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá bú sẹ́kún.

"Mo rò pé agbára ẹ ló tán. Mo rò pé o kun ògiri tán, o ò lè gbé ọwọ́ mọ́, o wá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n bá ẹ parí ẹ̀. Mi ò sùn, Rae. Àárọ̀ yìí ni mo kun àjà kọ́rídọ̀ tán."

Ìbínú mi ò ríbi dúró sí mọ́. Mo ní, "Agbára mi ti tán lóòótọ́," mo sì pa fóònù.

Kò sí àkókò ọ̀dà. Mo kó bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun jáde, mo fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ ojú àwọn ilẹ̀kùn, mo lẹ téèpù funfun yí àwọn súìṣì ká. Nígbà tí Glenys dé, pẹ̀lú bàtà òjò rẹ̀, ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń wòran. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó mi orí, ó ní kí Mọ́mì rìn. Mọ́mì rìn. Ó ti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ilé ìwẹ̀, láti ilé ìwẹ̀ dé ilé ìdáná, kò kọsẹ̀, kò táràrà, ó tan iná ní ibi tó yẹ kó tàn án.

A jókòó sídìí tábìlì. Glenys ní, "Ó dáa. Ẹ kun àwọn ilẹ̀kùn yẹn padà sí funfun, mi ò ní wàhálà kankan. Merle, ẹ lè dúró sílé yín."

Ohun tí mo fi èjìká mi rà nìyẹn. Ó yẹ kí n fò sókè. Mo wò ó bí ẹni tí wọ́n tún gbé ẹrù lé lórí.

Mọ́mì ò fò sókè náà. Ó ń fi ìka tẹ etí kọ́ọ̀pù rẹ̀ yípo. Ó ní, "Glenys, ṣé ẹ lè bá mi wá àyè níbẹ̀?"

"Níbo?"

"Ilé àwọn àgbà. Mo ti gbébẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò pa mí. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ jí, ó sì lọ. Ohun tó dùn mí ò ju pé wọn ò sọ fún mi. Nísinsìnyí, èmi ni mò ń sọ."

"Mọ́mì, kí lẹ ń sọ?"

"Ṣé o rò pé ojú nìkan ni mo fi ń mọ èèyàn? Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń jókòó, Rae. Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń dìde."

Glenys gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí mi. Kò fi ìkà ṣe é. Ó ní, "Raelene, ìwọ lò ń gbé ẹrù yìí. Kí lo fẹ́? Bí o bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró."

Mo la ẹnu. Rárá ni mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ sọ pé ìyá mi ò lọ síbì kankan, pé ilé rẹ̀ rèé, pé ọmọ rẹ̀ rèé. Mo wá ọ̀rọ̀ yẹn, mo wá a gan-an, ní ẹnu, ní ọ̀fun, ní àyà. Aago ògiri ń dún. Mọ́mì dúró, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi etí wá ohùn mi. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó wá orúnkún mi títí ó fi rí i, ó sì gbá a pẹ́pẹ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo ti gbọ́."

Mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún níwájú àwọn méjèèjì. Ojú tì mí, ara sì tù mí, lẹ́ẹ̀kan náà, títí di òní mi ò sì lè sọ èyí tí mò ń sunkún sí nínú méjèèjì.